Ẹni Tuntun Tí Ó Dé Lọ́jọ́ Ajé

Ìwé náà tutù. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn. Àwọn ìwé pélébé yòókù tó wà nínú àpótí gbẹ, wọ́n funfun, òórùn ilé àwọn tó kọ wọ́n sì wà lára wọn: àlùbọ́sà, sìgá, ọṣẹ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń wí yìí tutù bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú kànga, ó sì kun ìka mi dúdú. Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1994, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú. Ìsàlẹ̀ àpótí pátápátá ni mo ti rí i, lábẹ́ ìwé tèmi. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kó ohun tó wà nínú àpótí náà kúrò láàárọ̀, tí mo nù ún, tí mo tì í, tí mo sì ju ìwé tèmi sí i kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹnikẹ́ni. Kò sí bí ìwé ẹlòmíràn ṣe lè wà lábẹ́ tèmi.

Genowefa Pytlak ni orúkọ mi. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà náà, ó sì ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń tọ́jú Ṣọ́ọ̀ṣì Bárbárà Mímọ́ ní Karsley, ní Pẹnsifáníà, ní Amẹ́ríkà. Èmi ni mò ń fọ aṣọ pẹpẹ, èmi ni mò ń gbọn eruku, èmi náà ni mò ń da orúkọ kọ. Lọ́dọ̀ àwa ọmọ Póláńdì, àwọn òkú ló ni oṣù kọkànlá. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ àwọn òkú wọn sínú ìwé pélébé, wọ́n á jù ú sínú àpótí, Fada á kà wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjọ á sì dáhùn pé, "Olúwa, fún un ní ìsinmi àìnípẹ̀kun, kí ìmọ́lẹ̀ tí kì í kú tàn sí i lára." Òkú tí ẹnikẹ́ni kò bá dárúkọ, lójú tiwa, ṣì wà lójú ọ̀nà ni, kò tíì délé.

Ẹ má retí ohùn pẹ̀lẹ́ lẹ́nu mi. Inú ń bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi báyìí tí mò ń kọ ọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ni bíṣọ́ọ̀bù ti kọ̀wé pé wọn yóò ti ṣọ́ọ̀ṣì wa pa. Ojú ìwé kan péré, wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ ìlú wa dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn bàbá wa fi ọwọ́ ara wọn gbé òkúta rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi wákàtí mẹ́wàá wa èédú lábẹ́ ilẹ̀! Fada Keegan, ọmọ Áíríṣì kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti àbíkẹ́yìn mi, tó ń sáré láàárín ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin bí ẹni tó ń pín lẹ́tà, ló wá bá mi pé kí n kọ ìtàn ìjọ wa sínú ìwé kékeré kan.

Ó ní, "Ẹ kọ èyí tó dùn, Ìyá Genowefa. Ojú ìwé mẹ́wàá péré. Kí àwọn èèyàn lè ní ohun ìrántí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Mísà ìkẹyìn."

Ìdí nìyẹn tí ìwé ìtàn ìjọ fi wà nílé mi, ìwé ńlá tí Fada wa àkọ́kọ́, Fada Hieronim Szulc, fi èdè Póláńdì kọ. Keegan kò lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Mo gbé ìwé dúdú náà lọ sójú fèrèsé. Lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́jọ, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sì ń gbọ̀n. Błażej Kopeć. Ignacy Sowa. Roch Sowa. Maciej Pluta. Onufry Gil. Teofil Marzec. Walenty Drzazga. Ìlà kẹjọ kì í ṣe orúkọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Àti ẹni tuntun tó dé lọ́jọ́ Ajé. A kò rí ojú rẹ̀."

Walenty Drzazga ni bàbá tó bí ìyá mi. Kò sì sí ọmọ Póláńdì kan ní Karsley tí kò mọ orúkọ àwọn méje náà, nítorí orúkọ ìtìjú ni. Àwọn ìsáǹsá ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1913, wọ́n fi aya àti ọmọ sílẹ̀, wọ́n gba ìwọ̀ oòrùn lọ láti lọ wa bàbà ní Montana, wọn kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Fada Szulc fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ìyá ìyá mi, Apolonia, wà lórí ìjókòó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nígbà tó gbọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ èédú lé e jáde nínú ilé wọn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó sì ń fọ aṣọ fún àwọn ẹlòmíràn títí ọwọ́ rẹ̀ fi là. Ìyàwó ìsáǹsá ni wọ́n ń pè é. Bí àwọn opó bá ń lọ tan àbẹ́là sórí ibojì lóṣù kọkànlá, òun á jókòó sílé, nítorí kò ní ibojì kan tó lè lọ. Ní alẹ́ Kérésìmesì, tí gbogbo ilé máa ń gbé àwo kan sílẹ̀ fún àlejò tó bá ṣèèṣì yà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sídìí àwo yẹn nílé rẹ̀. Ti Walenty ni. Ó ní Walenty ń bọ̀. Ọdún márùnlélógójì ló fi gbé àwo náà sílẹ̀, ó sì kú láìrí i.

Ẹnì kan ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo ti ń ká ìwé náà bọ àpò nígbà tí mo gbọ́ ìró náà lábẹ́ pẹpẹ kékeré Bárbárà Mímọ́. Gbọn-in. Irin lu irin, ní ọ̀nà jíjìn nísàlẹ̀. Gbọn-in. Kò yá, kò sì falẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo lè gbọ́ bí àbẹ́là ṣe ń jó. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọdá títì lọ sílé Zygmunt Wrona. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó wọ ihò èédú rí ní Karsley, ikọ́ èédú sì ti jẹ ìdajì ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

"Bàbá Zygmunt, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

"Tó bá jẹ́ ìwé bíṣọ́ọ̀bù ni, sọ ọ́ sínú iná kí o tó wọlé."

"Kì í ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù."

Ó gbà á, ó gbé e sí imú, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Níbo lo ti rí èyí, Gienia?" Bí ó ṣe máa ń gé orúkọ mi kúrú nìyẹn.

"Kí ni nǹkan náà?"

"Ìwé ẹ̀tù ni. Àwa fúnra wa la máa ń ká a bíi sìgá, tí a ó rọ ẹ̀tù sí i, tí a ó tì í sínú àpáta. Mi ò tíì fojú kan irú ẹ̀ láti ìgbà tí irun ti wà lórí mi."

"Ẹnì kan ló ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

"Ta ni? Ta ló kù nílùú yìí tó lágbára ẹ̀fẹ̀? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo wa ń jẹ."

Mo sọ fún un nípa ìró náà. Kò bá mi jiyàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, a sì jọ padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ó ṣí fìlà, ó tẹ́tí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà. Nígbà tí ìró náà yí po lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ ti funfun bí aṣọ pẹpẹ.

Ó rọra sọ pé, "Wọ́n ń ka ara wọn ni."

"Bàbá, ẹ má dẹ́rù bà mí."

"Fetí sílẹ̀. Bí òrùlé ihò bá wó tí ẹ sì há sínú ẹ̀, ẹ ò ní pariwo, ariwo ń jẹ èémí. Páìpù lẹ ó wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kàn án lẹ́ẹ̀kan, káwọn tó wà lókè lè mọ iye ẹni tó ṣì wà láàyè. Gbọ́ èyí tó wúwo yẹn. Gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, kò lágbára. Kì í ṣe ọwọ́ kan náà. Mẹ́jọ ni wọ́n."

"Ta ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

Ó tún fìlà rẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ inú ilé Ọlọ́run la wà. Ó ní, "Bàbá mi sọ fún mi nígbà kan pé kí n má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí nígbà tí ilẹ̀ títẹ́jú wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

Ìwé ìtàn ìjọ ni mo bi. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú ìwé méjì lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, níbi oṣù kẹwàá ọdún 1913. Mo rò pé ọ̀rinrin ló fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e mo gbé kẹ́tùlù kaná nínú ilé ìdáná mi, mo fi ooru omi rẹ̀ sí etí ìwé náà títí àtè fi yọ́. Àtè ni, kì í ṣe ọ̀rinrin. Ẹnì kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Zygmunt jókòó sí òdìkejì tábìlì, mo sì kà á sókè fún un.

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá. Ihò kékeré abẹ́ òkè ti wó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní bí wọ́n bá là á, iná inú rẹ̀ yóò ràn mọ́ ihò ńlá, iṣẹ́ yóò sì dúró fún ọdún kan. Ó ní kí n fi àwọn obìnrin lọ́kàn balẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ yóò fún wa ní ilẹ̀ àti òkúta láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mo lọ tẹ́tí. Mẹ́jọ.

"Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Mẹ́jọ.

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún ìjọ pé wọ́n ti rìnrìn àjò. Mo ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún wọn gẹ́gẹ́ bí alààyè. Lẹ́yìn Mísà mo lọ tẹ́tí. Mẹ́jọ."

Zygmunt gbá tábìlì. Tíì mi dà nù. "Ó gbọ́ wọn! Ọlọ́run mi, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń wàásù!"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Parí kí ni? Ọmọ àlè! Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti gba ara Olúwa nígbà àkọ́kọ́. Mo fẹnu ko ọwọ́ ẹ̀!"

Mo parí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan péré ló kù, ọwọ́ Fada Szulc sì ti yí padà nínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ń gun ara wọn. "Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 1914. A ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé pẹpẹ Bárbárà Mímọ́ sí orí ẹnu ihò náà gan-an, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. Oṣù méje rèé tí wọn kò jẹ, tí wọn kò mu. Mẹ́jọ. Ọlọ́run mi, kí ló ń gbé wọn ró?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa lọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo rántí ọwọ́ Apolonia tó là. Mo rántí bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe máa ń sá kọjá lára mi tí wọ́n á ní, "Ẹ mú ọkọ yín dání o, ọmọ ìsáǹsá ń bọ̀!" Ìbínú ru lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Zygmunt ń wí.

Ó tún un sọ. "Gienia, mo ní ta ló ń gbé wọn ró? Òkúta kò lè kan páìpù. Òkú kò lè kàn án. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wọ́n sì ṣì pé mẹ́jọ. Kí ni ìdílé yín ṣe fún wọn?"

Ìgbà náà ni mo mọ̀. Mo di etí àga mú.

Yàtọ̀ sí ìwé àwọn òkú, ìwé àwọn alààyè tún wà, tí a ń kà ní Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù kọ̀ọ̀kan. Apolonia kọ ìlà kan sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù Fada Szulc. Nígbà tó kú, ìyá mi gbà á. Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó mú mi ṣèlérí pé ìlà náà kò ní parẹ́ láéláé. N kò sì jẹ́ kó parẹ́. Gbogbo oṣù kìn-ín-ní ọdún ni mo máa ń dà á kọ sínú ìwé tuntun, pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dára jù lọ: "Fún Walenty Drzazga àti gbogbo ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí bọ́ lẹ́nu wọn títí wọn yóò fi padà wálé." Gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín.

Wọ́n purọ́ fún wa, a sì fi irọ́ wọn gbàdúrà, Ọlọ́run sì gbọ́. Ní ọdún tí mo ṣègbéyàwó, wọ́n wà nínú òkùnkùn yẹn. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kẹta, wọ́n wà níbẹ̀, ebi ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọn kò sì lè kú, nítorí èmi Genowefa kò jẹ́ kí wọ́n kú. Mo pariwo nínú ilé ìdáná mi bí mi ò ṣe pariwo nígbà tí ọkọ mi kú.

Mo ya ìlà náà kúrò nínú ìwé àwọn alààyè, mo sun ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ tẹ́tí, mẹ́jọ ni. Zygmunt ní àdúrà ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kò ṣeé fà padà báyẹn, àfi kí wọ́n pè wọ́n ní òkú ní gbangba, ní ibi tí wọ́n ti pè wọ́n ní alààyè, kí ìjọ tó ṣe àmín sì dáhùn. Ìjọ yẹn kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé mọ́ lórí ilẹ̀ ayé. Lẹ́yìn Mísà ìkẹyìn, ẹni tó ra ilé ṣọ́ọ̀ṣì náà yóò da kọnkéré sí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Mo lọ bá Fada Keegan. Mo gbé ìwé dúdú àti ìwé ìtàn síwájú rẹ̀, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó tilẹ̀ tẹ̀ lé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró lẹ́bàá pẹpẹ Bárbárà Mímọ́, ó sì yí ojú sí ilẹ̀ nígbà tí ìró náà bẹ̀rẹ̀.

"Ilé àtijọ́ ni, Ìyá Genowefa. Páìpù ẹ̀rọ amúlégbóná ló ń dún."

"Oṣù kẹta la ti pa ẹ̀rọ yẹn, Fada. Ẹ̀yin lẹ ní ká pa á."

"Ẹ wò ó, bí mo bá ka orúkọ wọn mọ́ ti àwọn òkú, mo ti sọ pé wọ́n wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn agbẹjọ́rò á dé, ẹni tó ra ilé á sá. Bíṣọ́ọ̀bù..."

"Wọ́n wà níbẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀."

"Mi ò rẹ̀ ẹ́! Láti ọdún 1913 la ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ nínú ilé yìí! Fada Szulc rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ń rẹ tiyín sílẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó wo aago rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn ń dúró dè é.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni Mísà ìkẹyìn, ní aago méjì ọ̀sán. Èrò kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ti kó lọ sí Filadẹ́fíà àti Òháyò wá pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn, àwọn obìnrin sun ẹkún láti ìgbà orin àkọ́kọ́. Wọ́n pín ìwé ìtàn tí mo kọ. Mo ṣí i, mo rí i pé wọ́n ti yọ ohun tí mo kọ nípa oṣù kẹwàá kúrò, wọ́n fi àwòrán Fada Szulc sí i dípò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba ara Olúwa tán, nígbà tí Keegan jókòó láti sinmi díẹ̀, mo dìde. N kò lọ sórí pẹpẹ ńlá. Mo lọ dúró níwájú Bárbárà Mímọ́, mo sì kọjú sí àwọn èèyàn mi.

Mo ní, "Àwọn méje kan wà tí a ń pè ní ìsáǹsá. Wọn kò sá lọ síbì kankan. Abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n wà. Ilé-iṣẹ́ dí ihò mọ́ wọn, Fada Szulc mọ̀, ó gba òkúta ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ó sì pa ẹnu mọ́. Ẹ gbọ́."

Keegan ti dìde. "Ìyá Genowefa, ẹ lọ jókòó."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó!" Zygmunt ló wí bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọ̀pá rẹ̀ sì dún lórí ilẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ. Gbọn-in. Ẹnì kan pariwo. Gbọn-in. Títí ó fi pé mẹ́jọ.

"Błażej Kopeć," mo kà á.

Zygmunt nìkan ló dáhùn, ikọ́ ń gé e: "Olúwa, fún un ní ìsinmi àìnípẹ̀kun."

A dúró. Ìró náà yí po. Méje.

"Ignacy Sowa. Roch Sowa." Arúgbó obìnrin kan bú sẹ́kún nínú èrò, ó ní, "Bàbá mi! Roch ni bàbá mi!" Lọ́tẹ̀ yìí ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì ló dáhùn. Márùn-ún. "Maciej Pluta." Mẹ́rin. "Onufry Gil. Teofil Marzec." Gbogbo èèyàn ti wà lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, ohùn wọn sì ń mi gíláàsì fèrèsé, ìbínú ló wà nínú rẹ̀ ju àdúrà lọ. Méjì péré ló kù nísàlẹ̀, èyí tó wúwo àti èyí tí kò lágbára.

N kò ka orúkọ yẹn mọ́ ti àwọn òkú rí láyé mi. "Walenty Drzazga," mo wí, "ọkọ Apolonia, tí kò fi í sílẹ̀."

Wọ́n dáhùn. Èyí tó wúwo kò dún mọ́. Mo sunkún nítorí inú mi dùn, mo sì gbàgbé pé ọ̀kan ṣì kù.

Gbọn-in. Ọ̀kan. Ọwọ́ tí kò lágbára.

Mo wo ìlà kẹjọ. Ọjọ́ Ajé ló dé, ihò wó lọ́jọ́rú. Ọjọ́ méjì péré ló lò láàárín wọn, wọn kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, òkùnkùn sì dé kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Àti ẹni tí Ọlọ́run nìkan mọ orúkọ rẹ̀." Ìjọ dáhùn tọkàntọkàn. A dúró, kò sí ẹni tó mí.

Gbọn-in.

A gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà Keegan súre fún wa, ojú rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan, ó sì ní kí a máa lọ. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Ó gbọ́ ọ, bí mo ṣe gbọ́ ọ ló ṣe gbọ́ ọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kí Ọlọ́run má gbàgbé rẹ̀ fún un.

Wọ́n da kọnkéré náà lóṣù kìn-ín-ní. Zygmunt kú ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé náà lọ, mo máa ń gbé etí lé òkúta ìpìlẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ ni wọ́n nínú òkùnkùn yẹn. Nísinsìnyí òun nìkan ni.

Ó yà mí lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Mo ti sun ìlà tiwa. Ìjọ mi ti tú ká, kò sí ẹni tó ń ṣe àmín mọ́. Kí ló tún ń gbé e ró? Ọjọ́ kan tí mò ń gbé àwo àlejò sílẹ̀ fún Kérésìmesì, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ọwọ́ mi dúró lórí tábìlì, mo sì lóye rẹ̀. Àdúrà tiwa kọ́ ló mú un dúró. Òun náà ní ìyá. Ó ní ilé kan níbì kan lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń retí lẹ́tà rẹ̀ tí kò dé, tí ìyá sì fi ìlà rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, tí ọmọ fi lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣì ń gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀.

N kò mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú ìdílé yín, ọkùnrin kan tó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1913 tí kò kọ̀wé padà, tí ìyá ìyá yín sọ fún yín pé kí ẹ máa gbàdúrà kí èémí má bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ kọ ọ́, ẹ dákẹ́ àdúrà yẹn. Ẹ kó àwo náà kúrò nílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó kú.